Owó Ogun Tó Di Ogún: Àlàyé Lórí Bébà Jàpáàn Inú Àpótí Bàbá Wa

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá bàbá mi, nígbà tí àlejò ti tú ká, tí wọ́n sì ti kó àga àti ìbòrí kúrò níta, Ìyá Mọ́kọ́lá, àkọ́bí wọn obìnrin, ní ká gbé àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Nígbà ayé Bàbá, ọwọ́ wọn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn máa ń wà. Ohun tí a bá níbẹ̀ kò pọ̀: ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìràwọ̀ idẹ kan tí rìbọ́nù rẹ̀ ti já, rìsíìtì owó orí méjì, àti Bíbélì tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí kúrò. Láàárín Sáàmù ni owó bébà mẹ́rin wà, tí wọ́n ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, owó yìí ti di àríyànjiyàn. Ẹnì kan ní owó Íńdíà ni. Ẹlòmíì ní kì í ṣe owó rárá. Bàbá mi kékeré, tó mọ̀wé jù nínú wọn, ka ohun tí wọ́n kọ sí òkè rẹ̀ sókè: The Japanese Government. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ìjọba Jàpáàn ló ṣe é, a jẹ́ pé ìjọba Jàpáàn jẹ ìdílé wa lówó nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ owó ogun, nítorí mo rí i pé ilé tiwa nìkan kọ́. Ibi tí mo bá ti sọ ọ́, ẹnì kan á ní, "Àwa náà ní irú ẹ̀ nílé." Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ là sílẹ̀ síbí, kí ẹni tó bá bá irú bébà yìí nínú ẹrù bàbá rẹ̀ lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bébà náà fúnra rẹ̀. Nínú mẹ́rin tiwa, méjì jẹ́ rúpì kan, ọ̀kan jẹ́ rúpì márùn-ún, ọ̀kan jẹ́ rúpì mẹ́wàá. Kò sí orí ọba kankan lára wọn, kò sì sí ojú èèyàn. Ní apá ọ̀tún ni àwòrán ilé ìsìn Búdà kan wà, tí òrùlé rẹ̀ ń gun ara wọn lórí títí tó fi ṣe ṣóńṣó. Nísàlẹ̀, èdìdì pupa kékeré kan wà tí wọ́n fi lẹ́tà Jàpáàn kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ wá nọ́ḿbà lára rẹ̀, irú nọ́ḿbà tí náírà máa ń ní, tó jẹ́ pé bébà kan kò ní bá èkejì dọ́gba. Ẹ ò ní rí i. Lẹ́tà lásán lẹ máa rí, B ló sì ṣáájú. Lẹ́tà B yẹn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. B dúró fún Burma, ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ń pè ní Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí. Tó bá jẹ́ M ló ṣáájú, Màláyà ni wọ́n ṣe é fún. P jẹ́ ti Filipínì, O jẹ́ ti àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, S sì jẹ́ ti ilẹ̀ tí à ń pè ní Indonéṣíà báyìí. Ìjọba Jàpáàn kan náà ló tẹ gbogbo wọn, ó kàn ń pa orúkọ owó dà gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó gbà bá ṣe ń pe owó tiwọn ni: dọ́là ní Màláyà, pésò ní Filipínì, rúpì ní Bọ́mà.

Rúpì yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó Íńdíà ni. Wọn ò jìnnà sí òótọ́ pátápátá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso Bọ́mà, títí di ọdún 1937 sì ni wọ́n fi kà á mọ́ ara Íńdíà, owó Íńdíà ni wọ́n sì ń ná níbẹ̀. Nígbà tí Jàpáàn wọlé tì wọ́n, tí ìlú Rangoon bọ́ sọ́wọ́ wọn ní oṣù kẹta ọdún 1942, owó tí wọ́n máa fi ná ọjà ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣáájú kí ogun tó dé ibẹ̀. Wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, wọ́n pè é ní rúpì, nítorí ohun tí ojú àwọn ará ibẹ̀ ti mọ́ lára owó nìyẹn. Ohun kan ni wọ́n yí padà. Rúpì kan jẹ́ ánà mẹ́rìndínlógún nígbà Gẹ̀ẹ́sì; Jàpáàn sọ ọ́ di sẹ́ńtì ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bébà kékeré tó ní sẹ́ńtì kan, márùn-ún tàbí mẹ́wàá lára, tó sì ní B, ọmọ ìyá rúpì náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí owó yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè bàbá mi kékeré wà.

Owó bébà jẹ́ ìlérí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń sọ fún yín pé bí ẹ bá mú un wá, òun á fún yín ní ohun tó tó o. Bóyá wúrà ló wà lẹ́yìn ìlérí yẹn, bóyá owó orí tí ará ìlú ń san, bóyá ọlá ìjọba lásán. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa dá ìlérí náà mọ̀. Lẹ́yìn owó Jàpáàn ní Bọ́mà, kò sí nǹkan kan àfi ìbọn. Sójà Jàpáàn á dé abúlé, á gba ìrẹsì, á gba màlúù àti kẹ̀kẹ́ ẹrù, á kó èèyàn ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, á wá ka bébà lé wọn lọ́wọ́. Àgbẹ̀ náà kò lè kọ̀ ọ́. Bí owó bá sì tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n á tún tẹ òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀, títí wọ́n fi tẹ bébà ọgọ́rùn-ún rúpì jáde ní 1944, nítorí mẹ́wàá kò ra nǹkan mọ́. Lóòótọ́, Jàpáàn ti kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 1943 pé Bọ́mà ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n òmìnira orí ìwé ni.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì padà gba ilẹ̀ náà ní 1945, wọ́n kéde pé owó Jàpáàn kì í ṣe owó mọ́. Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní àpò kan lójú oorun jí sórí bébà. Ẹ fojú inú wo ìyá tó ti ń ta ìrẹsì láti ọdún mẹ́ta, tó ń kó owó pamọ́ sínú ìkòkò. Bí ẹnì kan bá wà tí ìjọba Jàpáàn jẹ lówó nítorí bébà yìí, ìyá yẹn ni, àti àgbẹ̀ tí wọ́n mú màlúù rẹ̀ lọ. Kì í ṣe àwa. Bàbá wa kò ta nǹkan kan fún Jàpáàn. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá mi kékeré, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Owó olówó ni, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Báwo ló ṣe wá dé Ìbàdàn? Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ Nàìjíríà, Gáńà, Sàró àti Gáḿbíà ni Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà, nínú ẹ̀ka ogun méjì tí wọ́n ń pè ní 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbègbè Arakan, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, ni púpọ̀ nínú wọn ti jà. Inú igbó àfonífojì Kaladan ni 81 wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù gba orí òkè kọjá, orí ni wọ́n sì fi ń ru ẹrù níbi tí ọkọ̀ kò lè dé. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: sójà tí wọ́n ń ju oúnjẹ fún láti òkè, tí kò rí ọjà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò nílò owó. Rúpì Jàpáàn kì í ṣe owó oṣù tí wọ́n san fún àwọn bàbá wa, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣe rò. Ibùdó tí Jàpáàn sá kúrò ni wọ́n ti ń rí i, tàbí nínú àpò ẹni tó kú sójú ogun, tàbí lọ́wọ́ ará abúlé tó fi í pààrọ̀ sìgá àti iyọ̀. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣà á nílẹ̀. Wọ́n mú un wálé fún ìrántí, bí ẹni mú òkúta láti orí òkè tó gùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan nínú wọn ṣe àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n wà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tí Jàpáàn ká mọ́ létí odò Kaladan ní 1944. Ìbọn fọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ará abúlé ló fi wọ́n pamọ́ fún bí oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n sì ń bọ́ wọn, nínú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Jàpáàn, tí irú bébà yìí sì ni ìjọba ibẹ̀ ń ná. Wọ́n padà sílé láàyè, wọ́n sì di arúgbó kí wọ́n tó kú ní 2012. Nígbà tí mo bá mú rúpì kan tiwa dání, àwọn ará abúlé bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, ju sójà Jàpáàn lọ.

Ǹjẹ́ a lè gba nǹkan kan lórí rẹ̀ báyìí? Rárá. Jàpáàn san gbèsè ogun fún Bọ́mà lóòótọ́: ní oṣù kọkànlá ọdún 1954 ni àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé, Jàpáàn sì gbà láti san igba mílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá, nípa ẹrù àti iṣẹ́. Ìjọba sí ìjọba ni. Kò kan ẹni tó ní bébà lọ́wọ́. Àwọn tó tiẹ̀ ní ẹ̀tọ́ jù wá lọ ti gbìyànjú. Ní Filipínì, àwọn tí owó wọn di òfo kó ara wọn jọ láti 1953, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1967. Wọn ò rí nǹkan gbà. Àwọn ará Hong Kong, tí wọ́n fipá mú láti pààrọ̀ dọ́là wọn sí yẹ́ǹnì ológun Jàpáàn, lọ sí ilé ẹjọ́ ní Tokyo fúnra rẹ̀. Ní 1999, ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ wọn nù. Tí ẹni tí wọ́n gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò bá rí i gbà, kí ni ọmọ sójà tó ṣà á nínú igbó máa sọ?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ọdún kejì tí Bàbá kú ni ọkùnrin kan wá sílé wa, ó wọ kóòtù, ó sì gbé báàgì aláwọ dání. Ó ní òun ti gbọ́ pé a ní owó ogun, pé ilé ìfowópamọ́ kan lókè òkun ti ya bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún irú wa, pé rúpì kan á di ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà péré ni owó fọ́ọ̀mù. Bàbá mi kékeré ti na ọwọ́ sí àpò kí Ìyá Mọ́kọ́lá tó bi í pé, "Ṣé a lè yọ owó fọ́ọ̀mù yẹn kúrò nínú bílíọ̀nù náà?" Ọkùnrin yẹn kò wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó san owó fún yín lórí bébà àtijọ́, olè ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ fún òun ní bébà náà kí òun lọ fi "yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ", ẹ má fi lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó ya fọ́tò.

Gbogbo owó àtijọ́ kọ́ ló kú o. Ibí ló ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù, torí bébà méjì lè jọ wà nínú àpótí kan, kí ọ̀kan jẹ́ òfo, kí èkejì sì ṣì jẹ́ owó. Báńkì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Bank of England, kì í pa ìlérí rẹ̀ rẹ́. Bébà rẹ̀ tí wọ́n ti kó kúrò nínú ọjà, kódà ti àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, wọ́n á san iye tó wà lójú rẹ̀ bó bá jẹ́ ojúlówó. Nítorí náà, bí bàbá yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá fi pọ́n-ùn márùn-ún ńlá sílẹ̀, èyí funfun tí wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ẹ má tètè gbé e lọ sí báńkì: wọ́n á fún yín ní pọ́n-ùn márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ á fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn Násì ní Jámánì kó àwọn Júù tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n ní Sachsenhausen jọ, wọ́n sì fipá mú wọn tẹ ayédèrú pọ́n-ùn funfun yìí nígbà ogun, ti márùn-ún, mẹ́wàá, ogún àti àádọ́ta. Iṣẹ́ náà dára débi pé ojú lásán kò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ rí i kí ẹ tó pè é ní ojúlówó.

Owó kan tún wà tí àwọn sójà Bọ́mà mú bọ̀ tó jẹ́ pé owó gidi ni nígbà tirẹ̀: rúpì Íńdíà tó ní orí ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà, tí wọ́n wá fi yíǹkì pupa tẹ ọ̀rọ̀ lé lórí pé Military Administration of Burma, pé Bọ́mà nìkan ni a ti lè ná an. Èyí ni Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́pò ti Jàpáàn ní 1945. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó tí bàbá yín gbà lọ́wọ́ ìjọba ní tòótọ́. Òun náà kò ṣeé ná mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti rúpì Jàpáàn pátápátá, ẹ má sì dà wọ́n pọ̀.

Àwọn yòókù, mo máa kàn mẹ́nu bà wọ́n. Bí bàbá yín bá wà lára àwọn tó jà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà kí wọ́n tó lọ sí Bọ́mà, àwọn tó wọ Mogadishu ní oṣù kejì ọdún 1941, ẹ lè rí lírà Ítálì tí wọ́n tẹ Africa Orientale Italiana lé lórí. Bí ẹni náà bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ ti ogun 1914, tó bá Jámánì jà ní Tanganyika, tó wà lára Tanzania lónìí, ó lè jẹ́ rúpì Jámánì tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ fúnra wọn nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn. Bébà ráuràu ni wọ́n fi ṣe é, ó sì rí bí ohun tí wọ́n fi òǹtẹ̀ rọ́bà lù. Àwọn ìbátan wa ní Tógò lè bá máàkì Jámánì pàdé, torí Jámánì ló ni Tógò títí di oṣù kẹjọ 1914. Ẹgbẹ̀rún máàkì ti 1910 pọ̀ káàkiri ayé. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, nítorí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ lẹ́yìn ogun náà pẹ̀lú déètì kan náà, títí máàkì fi bàjẹ́ débi pé ní oṣù kọkànlá 1923, 1,000,000,000,000 máàkì ló di máàkì tuntun kan ṣoṣo. Owó Biafra, tí àwọn sójà mú wálé ní 1970, jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ara wa, ó sì yẹ kó ní àlàyé tirẹ̀.

Ó ku iye tí a lè tà á. Mo mọ̀ pé èyí ni ọ̀pọ̀ ń dúró dè, n ò sì ní tan yín. Rúpì Jàpáàn ti kan, márùn-ún àti mẹ́wàá wà lára owó àtijọ́ tó wọ́pọ̀ jù láyé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ná an tán, débi pé àwọn mìíràn ṣì wà ní ìdì bí wọ́n ṣe dì í nílé ìtẹ̀wé. Èyí tó mọ́ tónítóní, tí kò ní ìlà kíká kankan, kò ju dọ́là díẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o jọ. Èyí tí wọ́n ká sí mẹ́rin bíi tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó lè ju iye tí ẹ máa rí lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó ń kó owó jọ máa ń pè ní àbùkù, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa, òun gan-an ni ọrọ̀. Nígbà tí mo tú rúpì mẹ́wàá tiwa jẹ́jẹ́, ní etí apá òsì, níbi tí kò ní àwòrán, wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sí i. Ó ti ń parẹ́. Mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé, mo dà á ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá, mo wá rí i: LETMAUK 45. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Ẹni tó fẹ́ rà á á ní wọ́n ti ba bébà jẹ́. Ní tèmi, n kò ní fi pààrọ̀ ìdì tuntun kan.

Nítorí náà, ẹ má nu ohunkóhun kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n, á sì jẹ bébà náà. Ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe láḿínéètì. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdásílẹ̀ bàbá wọn, ooru ẹ̀rọ náà pa yíǹkì rẹ̀ dà, kò sì sí bí a ṣe lè yọ ọ́ mọ́. Ọ̀rá líle tó ń rùn bí ike tuntun kò dára fún un, ó máa ń gbé epo jáde tó bá pẹ́. Àpòòwé funfun lásán, nínú ìwé ńlá kan, nínú dúróò tí oòrùn kò dé, tí òjò kò rọ sí, tí ikán kò lè gùn, ó tó. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan, ara àpòòwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ kí ẹ tó ki bébà bọ̀ ọ́.

Ohun tí ẹ máa kọ náà ló jà jù. Orúkọ sójà náà ní kíkún, àti orúkọ tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ bàbá wa ni wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn mọ́ orúkọ wọn bíi pé orúkọ bàbá ni. Nọ́ḿbà sójà rẹ̀, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA. Àmì ẹ̀yẹ tó gbà: ìràwọ̀ idẹ tí wọ́n ń pè ní Burma Star ni ẹ̀rí pé ó débẹ̀, rìbọ́nù rẹ̀ sì ní àwọ̀ búlúù, pupa àti ọsàn. Ẹ kọ ẹni tó bá owó náà, ọjọ́ tó bá a, àti inú ohun tó ti bá a. Kí ẹ tó pín ẹrù, ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ papọ̀: owó, ìwé ìdásílẹ̀, àmì ẹ̀yẹ. Bí owó bá lọ sílé kan, tí ìwé lọ sílé mìíràn, láàárín ogún ọdún kò ní sí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n ti wá. Ní ilé tiwa, àwọn ọmọ mẹ́rin fẹ́ mú bébà kọ̀ọ̀kan. Ìyá Mọ́kọ́lá ló kọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, kí ẹni tó bá fẹ́ rí i máa wá síbẹ̀ wò ó.

Àwọn ni mo kọ́kọ́ fi ohun tí pẹ́ńsùlù kọ hàn. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ta aṣọ ní Mọ́kọ́lá, níbi tí bárékè ológun tó ń jẹ́ Letmauk wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Wọ́n rò pé orúkọ òyìnbó kan ni. Mo sọ fún wọn pé abúlé kan ní Arakan ni, níbi tí àwọn ọmọ ogun 82 ti jà ní 1945, pé bẹ́ẹ̀ náà ni Arakan tó wà ní Àpápá àti Myohaung tó wà ní Yábàá: orúkọ ojú ogun àwọn bàbá wa ni. Wọn ò fèsì. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n ní àwọn ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú bárékè náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn dúró ka orúkọ tó wà lẹ́nu géètì, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí sójà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá béèrè pé, "Mama, ta lẹ ń wá?" Wọ́n ní àwọn dá a lóhùn pé bàbá àwọn ni.